Àwọn Tó Sọdá: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Fífi Ẹgbẹ́ Òṣèlú Sílẹ̀ ní Ìbàdàn

Bí ìdìbò bá ti ń sún mọ́lé ní Ìbàdàn, irú ìròyìn kan kì í wọ́n: lágbájá ti kúrò nínú ẹgbẹ́ alábùradà, ìyẹn PDP, tàmẹ̀dù ti padà sọ́dọ̀ àwọn onígbàálẹ̀, ìyẹn APC, odindi wọ́ọ̀dù kan ti kó lọ. Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí ló ń jáde lẹ́nu àwọn èèyàn jù, látorí ọmọ ilé-ìwé tí wọ́n ní kó kọ̀wé lórí ìtàn, títí dórí bàbá tó dìbò fún aṣòfin kan tó sì bá a nínú ẹgbẹ́ mìíràn kí ọdún tó yí po. Èyí tó gba àlàyé, mo là á yé. Èyí tí kò gbà, n kò fà á gùn.

Kí ni wọ́n ń pè ní sísọdá gan-an?

Kí ẹni tó wà nínú ẹgbẹ́ òṣèlú kan já a sílẹ̀, kó lọ bá ẹgbẹ́ tó ń bá a du ipò. Nínú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba máa ń jókòó sí apá kan, àwọn alátakò á wà ní apá kejì, kápẹ́ẹ̀tì á sì wà láàárín wọn. Ẹni tó bá dìde níhìn-ín tó lọ jókòó lọ́hùn-ún ti sọdá nìyẹn.

Ṣé lóòótọ́ ni pé Ìbàdàn ló ti bẹ̀rẹ̀?

Èyí tí àwọn ará Nàìjíríà fi ń ṣe àpẹẹrẹ jù lọ, Ìbàdàn ló ti ṣẹlẹ̀, ní oṣù kìíní ọdún 1952. Ẹ jẹ́ ká rọra tẹ̀ lé e, nítorí pé bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní ìsọ̀ onígbàjámọ̀ kọ́ ló ṣe rí délẹ̀délẹ̀.

Òfin ìjọba tí wọ́n fi orúkọ Gómìnà Macpherson pè ló fún Ìwọ̀-Oòrùn ní ilé aṣòfin tuntun lọ́dún 1951. Àwọn ìjókòó tí wọ́n fẹ́ dìbò yàn jẹ́ 80. Ẹgbẹ́ ńlá méjì ló ń du wọ́n. Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, ìyẹn Action Group, ni Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń darí. Ilé rẹ̀ níbí ní Ìbàdàn ni wọ́n ti kọ́kọ́ pàdé ní bòókẹ́lẹ́ lóṣù kẹta ọdún 1950, kí wọ́n tó lọ ṣí i ní gbangba ní Ọ̀wọ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ẹgbẹ́ kejì ni NCNC, ẹgbẹ́ alákùkọ, tí Dókítà Nnamdi Azikiwe ń darí.

Ìdìbò náà kì í ṣe irú tiwa òní. Àwọn ará àdúgbò dìbò yan aṣojú, àwọn aṣojú yan àwọn mìíràn, ìpele tó gbẹ̀yìn ló wá yan ọmọ ilé aṣòfin. Ọ̀pọ̀ ló fi orúkọ ara rẹ̀ wọlé, tàbí orúkọ ẹgbẹ́ ìlú rẹ̀. Wọn ò gbé àsíá Ọlọ́pẹ, wọn ò gbé ti alákùkọ. Nígbà tí èsì jáde, ẹgbẹ́ méjèèjì ló ń pariwo pé àwọn làwọn ní èèyàn jù. Ọlọ́pẹ ní àwọn ti tẹ orúkọ àwọn olùdíje àwọn jáde, kò sí ohun tó fara sin. NCNC ní irọ́ ni, èèyàn àwọn ni wọ́n ń kà mọ́ tiwọn.

Ọjọ́ tí ilé náà jókòó, àwọn kan tí NCNC ti fọkàn sí bá ara wọn lápá ọ̀dọ̀ Ọlọ́pẹ. Awólọ́wọ̀ di olórí ìjọba, Azikiwe di olórí alátakò. Èrò tèmi ni pé apá kan nínú ohun tí wọ́n ń pè ní sísọdá lọ́jọ́ náà kò ju pé ẹni tí kò tíì yan ẹ̀gbẹ́ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ yan èyí tó wù ú. Ṣùgbọ́n ti àwọn ọmọ Ìbàdàn yàtọ̀ díẹ̀.

Àwọn ọmọ Ìbàdàn wo ni?

Ìjókòó mẹ́fà ni Ìbàdàn ní. Ibadan People's Party, ẹgbẹ́ ìlú tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1951, tí NCNC sì ti fọkàn sí, ló kó gbogbo rẹ̀. Àwọn ọmọ onílùú tí inú ń bí sí àwọn alákọ̀wé àgbà ló ṣe é. Adisa Akínlóyè, lọ́yà, ni olórí wọn. Daniel Táyọ̀ Akínbíyìí wà níbẹ̀, ẹni tó wá di Olúbàdàn lọ́dún 1977. Adégòkè Adélabú náà wà níbẹ̀.

Nínú àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, márùn-ún bá Ọlọ́pẹ lọ. Adélabú nìkan ló dúró ti NCNC.

Akínlóyè di mínísítà ètò ọ̀gbìn ní ìjọba Awólọ́wọ̀. Adélabú di ọmọ alátakò. Tí ẹ bá fi ojú ọdún 1952 wò ó, Akínlóyè ló gbọ́n. Ẹ wá fi ojú ọdún 1954 wò ó. Adélabú ti kó àwọn mẹ̀kúnnù jọ nígbà náà, àwọn tí owó orí ń ni lára, àwọn àgbẹ̀, àwọn oníṣòwò, àwọn baálé agboolé, ó sì sọ wọ́n di ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Mábọ̀láje. Nígbà tí wọ́n dìbò ìjọba ìbílẹ̀ Ìbàdàn, Mábọ̀láje òun NCNC ló jáwé olúborí, Adélabú sì di alága ìgbìmọ̀ ìlú. Lọ́dún 1955 ó di mínísítà ní ìjọba àpapọ̀. Ìgbìmọ̀ olùwádìí kan tó tú ìwé ìgbìmọ̀ ìlú wò ló mú kó kọ̀wé fipò sílẹ̀ lọ́dún 1956. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ pa á ní 25 oṣù kẹta ọdún 1958, ńṣe ni ìlú dàrú. Àwọn tó gbà pé àwọn ọ̀tá rẹ̀ ló pa á bẹ̀rẹ̀ sí í lépa àwọn ẹlẹ́gbẹ́ Ọlọ́pẹ káàkiri, ẹ̀mí sì ṣòfò. Títí di òní, ẹ dárúkọ Pẹnkẹlẹmẹ́ẹ̀sì, ìnagijẹ Adélabú, fún àgbàlagbà kan ní Ọjà-Ọba, kó máa sọ ìtàn rẹ̀ lọ.

Ṣé wọ́n fi owó ra àwọn márùn-ún yẹn ni?

Ohun tí NCNC sọ nìyẹn. Ohun tó dá mi lójú ni pé ìlú tó ní ìjókòó mẹ́fà mọ̀ pé ìjókòó mẹ́fà lè bá èèyàn dúnàádúrà. Tí ìjọba yóò bá jókòó sí Ìbàdàn, kí Ìbàdàn má sì ní mínísítà kankan nínú rẹ̀, ta ló fẹ́ gbọ́ ọ nílé? Mínísítà jáde lóòótọ́. Bóyá ti ìlú ni tàbí ti ẹnì kan ṣoṣo, ìbò 1954 ni èsì tí ìlú fọ̀.

Kí ló ṣẹlẹ̀ sí Azikiwe?

Èkó ṣì wà lábẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn nígbà náà, ibẹ̀ ló ti wọlé. Ilé aṣòfin Ìbàdàn ló máa yan àwọn tó ń lọ sí ilé ìgbìmọ̀ àpapọ̀, Ọlọ́pẹ ló sì ní èèyàn jù níbẹ̀. Aṣojú méjì ni wọ́n fẹ́ mú látinú ọmọ Èkó márùn-ún, gbogbo wọn ọmọ NCNC. Dókítà Ìbíyinká Olórunnímbẹ̀ àti Ọmọọba Adélékè Adédọyin kò gbà láti yọwọ́ fún olórí wọn. Àwọn méjèèjì ni ilé yàn. Azikiwe jókòó ní Ìbàdàn gẹ́gẹ́ bí alátakò, nígbà tó sì yá ó padà sí Ìlà-Oòrùn. Nínú gbogbo bí wọ́n ṣe ń di ẹ̀bi ru àwọn tó sọdá, wọ́n kì í sábà rántí àwọn méjì tí kò sọdá rárá, tí wọ́n kàn kọ̀ láti kúrò lójú ọ̀nà.

Ẹ fi orúkọ Adédọyin sọ́kàn. A ṣì máa bá a pàdé.

Ṣé wàhálà 1962 náà jẹ́ ti sísọdá?

Bẹ́ẹ̀ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló ti bẹ̀rẹ̀. Awólọ́wọ̀ ti lọ sí ilé ìgbìmọ̀ àpapọ̀, Olóyè Samuel Ládòkè Akíntọ́lá sì ti di olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Ìjà dé láàárín wọn, ó sì tú síta ní àpéjọ ẹgbẹ́ ní Jos lóṣù kejì ọdún 1962. Aṣòfin 66 fọwọ́ sí ìwé pé Akíntọ́lá kì í ṣe aṣáájú àwọn mọ́. Gómìnà, Ọba Adésọjí Adérẹ̀mí, Ọọ̀ni Ifẹ̀, yọ Akíntọ́lá, ó sì fi Alhaji Dáúdà Adégbénró rọ́pò rẹ̀.

Ní 25 oṣù karùn-ún, ilé jókòó ní Ìbàdàn láti fọwọ́ sí ìyípadà náà. Wọn ò tíì rìn jìnnà tí ẹnì kan nínú àwọn ti Akíntọ́lá fi fò sókè, tó ń pariwo pé iná ń jó lórí òkè. Àga ń fò. Wọ́n gbá ọ̀pá àṣẹ mú. Ọlọ́pàá da tajútajú sínú ilé. Ẹni tó jókòó sí àga olórí ilé lọ́jọ́ náà ni Ọmọọba Adélékè Adédọyin, ọmọ NCNC Èkó ti ọdún 1951, tó ti wá di èèyàn Ọlọ́pẹ. Bí òṣèlú wa ṣe ń yí nìyẹn.

Ìjọba àpapọ̀ kéde pàjáwìrì ní 29 oṣù náà, wọ́n fi Dókítà Moses Májẹ̀kódùnmí ṣe alábòójútó fún oṣù mẹ́fà. Akíntọ́lá dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, UPP. Nígbà tí pàjáwìrì parí, kò sí ìdìbò kankan: UPP àti NCNC, àwọn ọ̀tá àná, ló jọ gba ìjọba ní oṣù kìíní ọdún 1963. Lóṣù karùn-ún ọdún yẹn, ìgbìmọ̀ onídàájọ́ Ọbabìnrin ní Lọ́ńdọ̀nù ní ìyọnípò Akíntọ́lá bófin mu. Ilé aṣòfin Ìbàdàn yára tún òfin ṣe, wọ́n fi ọjọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, ìdájọ́ náà sì di òfo.

Lóṣù kẹta ọdún 1964, àwọn UPP pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ọmọ NCNC Ìwọ̀-Oòrùn da ara wọn pọ̀ di NNDP, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Dẹ́mọ̀. Ibẹ̀ ni ẹ ti máa rí Rẹ̀mí Fàní-Káyọ̀dé, ẹni tó ti wà nínú Ọlọ́pẹ, tó bọ́ sí NCNC, tó tún wá di igbákejì Akíntọ́lá nínú Dẹ́mọ̀. Ibẹ̀ ni Richard Akínjídé, ọmọ Ìbàdàn, kọjá sí láti NCNC. Akínlóyè wa ti ọdún 1952 náà wà níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò béèrè lọ́wọ́ olùdìbò kankan. Ìgbà tí wọ́n wá béèrè, nínú ìdìbò ọdún 1965, àwọn èèyàn gbà pé wọ́n yí èsì. Wẹ́tíẹ̀ bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń da bẹtiróò sí ilé àti sí ara èèyàn, wọ́n ń ṣáná sí i. Iná náà ò tíì kú tí àwọn ológun fi dé ní 15 oṣù kìíní ọdún 1966, wọ́n sì pa Akíntọ́lá ní Ìbàdàn lóru ọjọ́ náà.

Ti ìjọba alágbádá ẹlẹ́ẹ̀kejì, 1979 sí 1983, ńkọ́?

Ọdún 1983 ló hàn jù. Bọ́lá Ìgè ti UPN, ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀ nígbà náà, ni gómìnà Ọ̀yọ́. Kí ìdìbò tó dé, igbákejì rẹ̀, Olóyè Sunday Afọlábí, ti kọjá sí NPN, ẹgbẹ́ tó ń ṣe ìjọba àpapọ̀. Alhaji Bùsárì Adélakùn, tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀rùọbodò, náà ti lọ. Akínlóyè ni alága NPN jákèjádò orílẹ̀-èdè. Wọ́n kéde pé Dókítà Ọmọ́lolú Olúnlóyọ̀ ti NPN ló wọlé. Oṣù mẹ́ta ló lò kí ológun tó tún dé.

Ṣé aṣòfin tó bá sọdá kò ní sọ ìjókòó rẹ̀ nù?

Nínú ìwé, yóò sọ ọ́ nù. Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, abala 68(1)(g) fún ti Àbújá àti abala 109(1)(g) fún ti ìpínlẹ̀, ní kí aṣòfin tó bá kúrò nínú ẹgbẹ́ tó gbé e wọlé kó tó lo sáà rẹ̀ tán fi ìjókòó sílẹ̀. Ọ̀nà àbáyọ méjì ló wà: kí ẹgbẹ́ tó ti kúrò ti pín sí méjì, tàbí kó ti da pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ mìíràn.

Ọ̀nà àbáyọ àkọ́kọ́ yẹn ni gbogbo wọn ń gbà. Ẹ ò ní rí lẹ́tà ìkúrò kankan tí kò sí "ìjà tí kò lópin nínú ẹgbẹ́ wa" nínú rẹ̀. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ wá là á lọ́dún 2015, nínú ẹjọ́ Ifẹ́dayọ̀ Abẹ́gúndé, aṣojú Àkúrẹ́ tó kúrò ní Labour lọ sí ACN. Wọ́n ní ìjà ẹgbẹ́ ní ìpínlẹ̀ kan kò tó. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó gbọn ẹgbẹ́ náà látòkè, tí kò fi lè ṣiṣẹ́ bí ẹgbẹ́ mọ́. Ó pàdánù ìjókòó rẹ̀.

Kí ló dé tí àwọn yòókù fi ń jókòó wọn lọ? Nítorí pé olórí ilé ni òfin ní kó kéde pé ìjókòó ṣófo. Bó bá jẹ́ ẹgbẹ́ olórí ilé ni ẹni náà sọdá wá sí, ẹ̀yin náà ẹ sọ ibi tí ìkéde ti fẹ́ wá. Ẹgbẹ́ tí wọ́n já sílẹ̀ á gba ilé ẹjọ́ lọ, ẹjọ́ á sì máa rá pálá títí sáà fi máa parí.

Gómìnà àti igbákejì rẹ̀ ńkọ́?

Òfin kò sọ pé sísọdá ń gba ipò lọ́wọ́ wọn. Ẹjọ́ Atiku Abubakar, tó kúrò ní PDP lọ sí AC nígbà tó ṣì jẹ́ igbákejì ààrẹ, ló fìdí rẹ̀ múlẹ̀ lọ́dún 2007. Adájọ́ kan ní Àbújá gbìyànjú láti yọ gómìnà Ebonyi nítorí èyí lọ́dún 2022, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sì dá ìdájọ́ náà nù.

Ibi tí ó ti ya èmi lẹ́nu nìyí: ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ kan náà ló sọ nínú ẹjọ́ Amaechi lọ́dún 2007 pé ẹgbẹ́ ni èèyàn ń dìbò fún. Ìbò aṣòfin wá di ti ẹgbẹ́, ìbò gómìnà di ti ara rẹ̀. Olùdìbò tó dúró sórí ìlà nínú oòrùn, tó tẹ̀ka sí ìwé méjèèjì, èwo ni tirẹ̀?

Igbákejì gómìnà ní ewu tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹnjiníà Rauf Ọláníyan, igbákejì gómìnà Ọ̀yọ́, kúrò ní PDP lọ sí APC lóṣù kẹfà ọdún 2022. Ní 18 oṣù keje, ilé aṣòfin Ọ̀yọ́ ní Agodi yọ ọ́. Ìwà àìtọ́ ni wọ́n kọ sínú ẹ̀sùn. Kò sí sísọdá níbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ní kàlẹ́ńdà lọ́wọ́.

Bí ẹgbẹ́ bá da pọ̀ ńkọ́, bíi ti APC ní 2013?

Ìyẹn kì í ṣe sísọdá. ACN tí Abíọ́lá Ajímọ̀bí, gómìnà Ọ̀yọ́ nígbà náà, fi wọlé ló para pọ̀ mọ́ àwọn mìíràn di APC. Ilé ló paarọ̀ orúkọ, onílé ò kó.

Nínú àwọn aṣáájú òṣèlú Ọ̀yọ́ òde òní, ta ni kò tíì sọdá rí?

Ẹ máa wá a o. Ajímọ̀bí fúnra rẹ̀ ti jẹ́ sẹ́nétọ̀ AD, ó ti du gómìnà lábẹ́ ANPP, kó tó wọlé lábẹ́ ACN. Adébáyọ̀ Àlàó-Akálà ṣe gómìnà PDP, ó du ipò náà lábẹ́ Labour lọ́dún 2015, ó tún gbé e dé ADP. Ṣèyí Mákindé wà ní SDP lọ́dún 2015, PDP ló gbé e wọlé lọ́dún 2019. Teslim Fọ́lárìn du gómìnà lábẹ́ PDP lọ́dún 2015, lábẹ́ APC lọ́dún 2023. Adébáyọ̀ Adélabú, ọmọ ọmọ Adégòkè tó dá dúró lọ́dún 1952, gbé àsíá APC lọ́dún 2019 àti ti Accord lọ́dún 2023, ó sì ti padà sí APC.

Ràṣídì Ládọjà ni tirẹ̀ wù mí sọ jù. Ó ṣe gómìnà PDP láti 2003, wọ́n yọ ọ́ ní ọdún 2006, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá a padà. Ó gbé Accord lọ sí ìdìbò 2011 àti 2015, ó sì bá ZLP rìn kó tó di ìdìbò 2019. Ibi yòówù kó lọ, àwọn kan wà ní àdúgbò kan náà tí wọ́n ń kó tẹ̀ lé e, bí ẹni pé wọn ò ka orúkọ ẹgbẹ́ kún. Láti 26 oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, Olúbàdàn ni. Kábíyèsí ò ní ẹgbẹ́.

Báwo ni ayẹyẹ gbígba àwọn tó sọdá ṣe ń rí ní wọ́ọ̀dù?

Kánópì méjì, àga oníke, ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó ń han. Wọ́n á ní aago mẹ́wàá, àwọn aṣáájú á dé ní aago méjì. Àwọn obìnrin ti wọ aṣọ ẹgbẹ́ tuntun tí páálí rẹ̀ ṣì lẹ̀ mọ́ etí rẹ̀. Olórí àwọn tó ń bọ̀ á gbé káàdì ẹgbẹ́ àtijọ́ sókè kí àwọn oníròyìn lè yà á, á jù ú sílẹ̀, wọ́n á fi fìlà tuntun dé e lórí. Alága á ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún èèyàn ni àwọn gbà lónìí. Ẹ ka àga. Bí ẹ bá sì mọ àdúgbò dáadáa, ẹ máa rí ọ̀dọ́kùnrin méjì mẹ́ta tí wọ́n ti wà níbi ayẹyẹ òdìkejì lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Ṣùgbọ́n ẹ má wo ibi tí orin wà. Ẹ wo ẹ̀yìn, níbi tí akọ̀wé wọ́ọ̀dù jókòó sí pẹ̀lú ìwé gbọọrọ kan lórí itan. Orúkọ, ibùdó ìdìbò, nọ́ńbà fóònù. Ó ń béèrè lọ́wọ́ obìnrin kan: "Ìyá, ibo lẹ ti ń dìbò?" Bí obìnrin náà bá dárúkọ ibùdó tó jẹ́ ti wọ́ọ̀dù mìíràn, akọ̀wé á rẹ́rìn-ín músẹ́, kò sì ní kọ nǹkan kan. Ìwé yẹn ni aṣáájú gidi máa ń gbé lọ sílé. Tó bá rí i pé ibùdó mẹ́fà ni ẹni tuntun ní èèyàn sí, wọ́n á fún un ní ipò. Tó bá rí i pé òun àti àwọn ọmọ ilé rẹ̀ ló wá, wọ́n á fún un ní ìrẹsì.

Ọmọ ẹgbẹ́ lásán ni mí. Báwo ni mo ṣe lè kúrò?

Ẹ kọ lẹ́tà sí alága wọ́ọ̀dù yín, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ sí ẹ̀dà kan fún yín, kí ẹ sì dá káàdì padà. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ lọ fi orúkọ sílẹ̀ ní wọ́ọ̀dù lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ tuntun. Ẹ̀dà lẹ́tà yẹn ṣe pàtàkì tí ẹ bá ń gbèrò àtidu ipò, torí ibẹ̀ ni alátakò yín ti máa kọ́kọ́ wá ẹ̀sùn. Káàdì ìdìbò yín ò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ẹgbẹ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ yín.

Ṣé ọ̀dàlẹ̀ ni gbogbo ẹni tó bá sọdá?

Rárá. Ìgbà tó sọdá ni mo kọ́kọ́ máa ń wò. Ẹni tó lọ nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ wà lórí oyè, tó bọ́ sọ́dọ̀ àwọn tí ebi ń pa, mo máa ń fẹ́ gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ẹni tó dúró títí wọ́n fi kà á mọ́ àwọn tó fìdí rẹmi nínú ìdìbò abẹ́lé, tó wá rí ìwà ìbàjẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, n kì í dá a lóhùn. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń wo ẹni tó bá a lọ. Bí àwọn tó dìbò fún un ò bá bá a rìn, ìbò wọn ló gbé sá lọ.

Ṣé àwa olùdìbò lè gba ìjókòó wa padà lọ́wọ́ aṣòfin tó sọdá?

Òfin fàyè gbà á. Abala 69 àti 110 ní kí iye tó ju ìdajì àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ní agbègbè náà fọwọ́ sí ìwé ẹ̀sùn sí alága INEC pé àwọn ò gbẹ́kẹ̀ lé e mọ́. INEC á ṣètò ìdìbò bẹ́ẹ̀-ni tàbí bẹ́ẹ̀-kọ́ láàárín 90 ọjọ́. Wọ́n gbìyànjú rẹ̀ lórí Sẹ́nétọ̀ Dino Melaye ní Kogi lọ́dún 2018; nígbà tí INEC ní kí àwọn tó fọwọ́ síwèé wá fara hàn, àwọn tó yọjú kò tó nǹkan kan, ó sì parí síbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ dán an wò níbí, ibùdó ìdìbò yín ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ rí i pé ẹni tó bá fọwọ́ síwèé máa wà nílé lọ́jọ́ tí wọ́n bá pè é.